Ohun Tó Ṣeé Tú: Géèmù Àtijọ́ Lórí Tábìlì Tudu

Ní Tudu, láàárín gbùngbùn Accra, ohun tó bá bàjẹ́ kì í tètè di àdànù. Ọjà Makola kò jìnnà síbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ibùdókọ̀ tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Aflao lẹ́nu ibodè Togo wà. Ẹrù tí ọkọ̀ ojú omi já sí Tema, èyí tí àwọn ará Ghana ń pè ní "home used", tí àwa ń pè ní tòkúnbọ̀, máa ń gba àdúgbò náà kọjá: fáànù, áyọ́ọ̀nù, rédíò, tẹlifíṣọ̀n, àti nígbà mìíràn ẹ̀rọ géèmù kékeré aláfọwọ́mú tí ọmọ ẹlòmíràn ti fi ṣeré títí ó fi sú u. Bí ẹ bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn kan níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí ti ń ná ọjà Ghana tipẹ́tipẹ́, kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ló lọ, àwọn mìíràn sì tún padà wá.

Ìyá kan gbé irú ẹ̀rọ géèmù bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe. Bọ́tìnnì kan kò gbọ́ mọ́, ọmọ rẹ̀ ò sì jẹ́ kó gbádùn nílé. "Ẹ jókòó, Màmá, kò ní pẹ́," ni ọmọkùnrin náà wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú súkúrù ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó ṣí i, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju bọ́ọ̀dù kan, bátìrì kan, ojú dígí kan àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ. Lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ni rọ́bà náà ti yọ gọngọ, tó ní àmì dúdú nísàlẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, àmì dúdú yẹn á kan ilà bàbà méjì tó wà lórí bọ́ọ̀dù, iná á kọjá láti orí ọ̀kan sí èkejì, ẹ̀rọ á sì mọ̀ pé wọ́n tẹ òun. Òógùn ọwọ́ àti mínírà tó dà sí i ló bo bàbà náà. Ó fi òwú tó ti rẹ sínú sípíríìtì nù ún títí ó fi ń dán, ó wá mú pẹ́ńsùlù, ó fi kun àmì dúdú tó ti ń ṣí. Ó dé e padà. Bọ́tìnnì gbọ́.

"Ìyẹn náà ni?"

"Ìyẹn náà ni, Màmá."

Fóònù tó wà lọ́wọ́ ìyá yẹn lágbára ju ẹ̀rọ géèmù ọmọ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po àìmọye, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi òwú àti pẹ́ńsùlù tún un ṣe. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa, ètò inú rẹ̀ sì wà lábẹ́ àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní òkè òkun. Àwọn tó bá ń béèrè ohun tí àgbàlagbà tó ti gbọ́njú ń wá nínú géèmù ọdún 1985 sábà máa ń gbà pé ìgbà èwe ló ń ṣe é. Ìyẹn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2005, tí wọn ò bá kásẹ́ẹ̀tì géèmù láyé, ń ra ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ohun tó ń fà wọ́n, lójú tèmi, ni pé géèmù àtijọ́ ni ìran ìkẹyìn ẹ̀rọ ayárabíàṣá tí orí èèyàn kan ṣoṣo lè gbà tán, láti orí bọ́tìnnì títí dé orí àwòrán.

Ẹ wo bó ṣe kéré tó. Nígbà tí Nintendo gbé Famicom jáde ní Japan ní oṣù keje ọdún 1983, kìlóbáìtì méjì péré ni mẹ́mọ̀rì tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́. Super Mario Bros. tó jáde ní ọdún 1985 kò ju 40 kìlóbáìtì lọ, pẹ̀lú gbogbo ìpele rẹ̀, orin rẹ̀ àti àwòrán rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ bá fi fóònù yà lónìí lè tóbi jù ú lọ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ibi tí àyè ti há mọ́ Shigeru Miyamoto tó ṣe géèmù náà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọgbọ́n ti wọlé: ìkùukùu tó wà lójú ọ̀run àti igbó tó wà nílẹ̀ nínú géèmù yẹn, àwòrán kan náà ni, àwọ̀ ni wọ́n pa dà. Ọ̀pọ̀ wa wò ó títí láìfura.

Kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Jerry Lawson, ẹlẹ́rọ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ló ṣáájú àwọn tó ṣe Channel F fún ilé-iṣẹ́ Fairchild ní ọdún 1976, ẹ̀rọ géèmù ilé àkọ́kọ́ tí èèyàn lè yọ kásẹ́ẹ̀tì géèmù kan kúrò nínú rẹ̀ kó ki òmíràn bọ̀ ọ́. Kí ìyẹn tó dé, géèmù tí wọ́n bá ṣe mọ́ ẹ̀rọ náà ló máa bá a dàgbà. Orúkọ Lawson kò tàn káàkiri títí ó fi kú ní 2011, ó sì dùn mí pé àwa tí à ń fẹnu fẹ́ eruku kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn kò mọ̀ pé ọmọ dúdú bíi tiwa wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, ojúlówó Famicom kọ́ ni ọ̀pọ̀ ilé ní Accra, Cotonou tàbí Ìbàdàn mọ̀. Ayédèrú rẹ̀ láti Ṣáínà ni, tó ní orúkọ oríṣiríṣi lára, tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń pariwo pé géèmù 64 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú òun. Bí ẹ bá tú u, ẹ kò ní rí ṣípù tó ní ẹsẹ̀ àti nọ́ńbà. Ìṣùpọ̀ dúdú kan tó dà bí ọ̀dà tó kán sílẹ̀ ni ẹ ó rí lórí bọ́ọ̀dù. Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo Famicom fara pamọ́ sí. Ẹni tí kò ní tẹlifíṣọ̀n nílé a ra Brick Game, tí bátìrì kékeré méjì ń gbé, tí ojú rẹ̀ ní àpótí mẹ́wàá ní ìbú àti ogún ní òòró. Wọ́n kọ "9999 in 1" sí i lára, irọ́ ńlá sì ni. Géèmù díẹ̀ ni, eré àti ìpele wọn ni wọ́n ń ṣe ní ìlọ́po. Ọmọ Tetris ni, èyí tí Alexey Pajitnov kọ ní Moscow ní ọdún 1984.

Gunpei Yokoi ti Nintendo ló fi ìmọ̀ràn sí ìdí ẹ̀rọ aláfọwọ́mú. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé kí a má sáré tẹ̀lé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Èyí tó ti pẹ́ lọ́jà, tó ti dínwó, tí gbogbo oníṣẹ́ ti mọ àléébù rẹ̀ ni kí a mú, kí a wá wá ọ̀nà tuntun tí a ó fi lò ó. Bí wọ́n ṣe ṣe Game Boy nìyẹn, ní oṣù kẹrin ọdún 1989: kò ní àwọ̀, kò ní iná lójú, àwòrán rẹ̀ kò ju písẹ́lì 160 ní ìbú àti 144 ní òòró lọ, ṣùgbọ́n bátìrì mẹ́rin a gbé e fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí. Sega gbé Game Gear jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ní àwọ̀, ó ní iná, ó sì ń jẹ bátìrì mẹ́fà láàárín wákàtí mélòó kan péré. Game Boy àti àbúrò rẹ̀ aláwọ̀, Game Boy Color, tà ju mílíọ̀nù 118 lọ. Ẹni tó ti gbé ní Accra nígbà dumsor, tí iná ń lọ tí ń bọ̀ láàárín 2012 sí 2016, kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún òun ìdí tí ohun tí kì í jẹ bátìrì fi borí.

Nísinsìnyí, báwo ni géèmù tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ tó ti kú ṣe ń jí lórí ẹ̀rọ mìíràn? Ètò tí wọ́n ń pè ní emulator ló ń ṣe é. Géèmù àtijọ́, bí a bá wò ó láti inú, nọ́ńbà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀pọ̀ nínú nọ́ńbà náà sì jẹ́ àṣẹ tí ṣípù Famicom gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Bí ṣípù yẹn bá kan 169, bí àpẹẹrẹ, ohun tó gbọ́ ni pé kó gbé nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e dání. Emulator jókòó sí àyè ṣípù tí kò sí níbẹ̀: ó ka 169, ó wo ohun tí ṣípù náà ì bá ṣe, òun náà ṣe é, ó kọjá sí èyí tó kàn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn gan-an kọ́ ló le. Àkókò ló le. Famicom ń ya àwòrán ní ìgbà ọgọ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, àwọn tó kọ géèmù sì mọ ìgbà tí ilà kan ń parí tí òmíràn ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń jí nǹkan ṣe láàárín rẹ̀. Bí emulator bá fi díẹ̀ pẹ́, orí Mario á yà kúrò lára ọrùn rẹ̀, orin á máa fà. Àwọn èèyàn tó jókòó wọn gbogbo èyí, tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, ló jẹ́ kí ẹ̀rọ tí kò wọ́n lè ṣe é lónìí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ open source ti wọlé. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹni tó ṣe nǹkan kò fi bó ṣe ṣe é pamọ́: kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, nígbà mìíràn àwòrán bọ́ọ̀dù rẹ̀ pẹ̀lú, ẹnikẹ́ni sì lè kà á, kó tún un ṣe, kó pín in. Láísẹ́ǹsì GPL, tí Richard Stallman kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1989, fi májẹ̀mú kan kún un: bí o bá yí i pa dà tí o sì ń pín in fún àwọn ẹlòmíràn, ìwọ náà kò gbọdọ̀ fi kóòdù tìrẹ pamọ́ fún wọn. Lábẹ́ láísẹ́ǹsì yìí ni Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, wà, Linux sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ géèmù aláfọwọ́mú òde òní fi ń ṣiṣẹ́. GP2X láti Kòríà ti Gúúsù ti lò ó ní 2005. Nígbà tí Dingoo A320 jáde láti Ṣáínà ní 2009, tí kò ní Linux nínú, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan kò wò ó bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé Linux sí i fúnra wọn.

Nínú àwọn ẹ̀rọ géèmù open source, méjì ló wù mí jù. Arduboy tí Kevin Bates ṣe ní Amẹ́ríkà, tí owó àwọn olùrànlọ́wọ́ orí Kickstarter sì gbé dìde ní 2015, kò ju káàdì ilé ìfowópamọ́ lọ. Dúdú àti funfun ni ojú rẹ̀, bọ́tìnnì mẹ́fà, mẹ́mọ̀rì tó kéré bíi ti Famicom. Kò sí géèmù ilé-iṣẹ́ ńlá kankan tí wọ́n ṣe fún un. Àwọn tó ń lò ó ló ń kọ ọ́, tí wọ́n sì ń fi kóòdù rẹ̀ síta. Èkejì ni ODROID-GO tí Hardkernel ti Kòríà ṣe ní 2018 láti fi yọ ayọ̀ ọdún kẹwàá wọn. Wọn kì í tò ó fún ọ. Bọ́ọ̀dù, bátìrì, rọ́bà, bọ́tìnnì àti ike ni wọ́n ń kó sínú páálí, ìwọ ni yóò tò ó pọ̀. Ọmọ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó ti mọ ohun tí ọmọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní Tudu mọ̀: rọ́bà ń kan bàbà, kò sí idán níbẹ̀. Nígbà tí Hardkernel tún ṣe èyí tó lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ODROID-GO Advance, àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà mú ṣípù Rockchip kan náà, wọ́n fi ṣe tiwọn, ètò tí àwọn olùfẹ́ géèmù ti kọ fún ti Kòríà sì bá tiwọn mu. RG351P ti Anbernic, ní 2020, jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Àwọn kan nínú irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbàgbé májẹ̀mú GPL: wọ́n á lo kóòdù ọlọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á wá di tiwọn mọ́wọ́. Mi ò rí ohun tí wọ́n lè pe ìyẹn ju ìwà àgbẹ̀ tó jẹ nínú àáró tí kò dé oko ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í fẹ́ kí wọ́n bi àwọn. Emulator kò lòdì sí òfin. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Amẹ́ríkà sọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2000 nígbà tí Sony pe Connectix tó ṣe emulator lẹ́jọ́. Géèmù tó wà nínú káàdì mẹ́mọ̀rì ló ní olówó. Àwọn tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń rọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ ti Ghana, Act 690 ti ọdún 2005, dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà bó ṣe dáàbò bo ìwé àti orin. Èmi kò ní sọ pé ohun tó dára ni. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́nà tó tọ́, níbo ni yóò ti rà á? Ìwádìí tí Video Game History Foundation gbé jáde ní 2023 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún géèmù tó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú 2010, bíi 87 ni kò sí lọ́jà mọ́. Àwọn tó ni wọ́n kò tà wọ́n, wọn kò sì fi wọ́n sílẹ̀.

Láìka òfin sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù nínú káàdì kan ń ba eré jẹ́. Ẹni tó ní kásẹ́ẹ̀tì méjì mọ méjèèjì dé egungun. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá á máa ṣí kan, á tì í, á ṣí òmíràn. Àwọn géèmù tó tọ́ wà tó tó lò: id Software fi kóòdù Doom síta ní 1997, Gabriele Cirulli ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú 2048 ní 2014, àwọn ará Jámánì tó ń jẹ́ Morphcat sì kọ Micro Mages fún Famicom ní 2019, wọ́n há a mọ́ inú 40 kìlóbáìtì bíi ti Mario, wọ́n ń tà á fúnra wọn. Ẹ sanwó fún wọn.

Àwọn tó ń wọkọ̀ ní Tudu lọ sí Aflao, tí wọ́n sì sọdá sí Lomé, ń sún mọ́ ìtàn mìíràn tó bá èyí tan. Ní WoeLab, ní Lomé, Kodjo Afate Gnikou ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D ní 2013. Ó yọ irin àti mọ́tò lára kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti síkánà tó ti bàjẹ́, ó fi ṣe ẹ̀rọ tó ń fi ike kọ́ nǹkan díẹ̀díẹ̀. W.Afate ni wọ́n pè é. Kò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwòrán RepRap, tí Adrian Bowyer dá sílẹ̀ ní yunifásítì Bath tó sì fi síta fún gbogbo ayé, ló gbà, ló wá yí i pa dà kó bá ohun tó wà lórí ààtàn Lomé mu. Irú ẹ̀rọ yẹn ni àwọn olùfẹ́ géèmù fi ń tẹ ike ẹ̀rọ aláfọwọ́mú tuntun nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ bá fọ́. Bọ́ọ̀dù lè ti Ṣáínà wá, ṣùgbọ́n ike àti ọwọ́ tó ń tò ó kò ní láti jìnnà ju Lomé lọ.

Bí mo bá ní ọmọ tó ń bẹ̀ mí fún ẹ̀rọ géèmù aláfọwọ́mú, géèmù tí n óò ní kó kọ́kọ́ kọ ni ayò. Ó bá Game Boy mu bíi pé wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà nítorí rẹ̀. Ihò méjìlá ni, ọmọ 48. Iye ọmọ inú ihò kọ̀ọ̀kan gba báìtì kan, ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ti jẹ gba báìtì kan kan, ẹni tó kàn láti ta gba ọ̀kan. Báìtì 15 nìyẹn, Game Boy sì ní 8,192. Láti ta á, kó gba nọ́ńbà inú ihò, kó sọ ihò di òfo, kó máa fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún àwọn tó tẹ̀ lé e. Bó bá dé ìkejìlá, kó padà sí àkọ́kọ́. Kí ẹ̀rọ mọ ayò ta dáadáa ló ṣòro. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam kó kọ̀ǹpútà jọ láti wo gbogbo ìtò tó ṣeé ṣe nínú awari, irú ayò kan tó sún mọ́ oware ti àwọn ará Ghana, iye rẹ̀ sì ju bílíọ̀nù 889 lọ. Èsì rẹ̀ ni pé bí ẹni méjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni. Game Boy kò lè ronú dé ibẹ̀. Ó lè wo iwájú díẹ̀, ìyẹn sì tó láti fìyà jẹ ọmọ tó ń kánjú.

Irinṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́: GBDK fún ẹni tó fẹ́ fi èdè C kọ ọ́, GB Studio fún ẹni tí kò tíì kọ kóòdù rí. Lẹ́tà ni yóò gbógun. Game Boy ń to àwòrán rẹ̀ ní àpótí písẹ́lì mẹ́jọ ní ìbú àti mẹ́jọ ní òòró, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kan sì wọ inú ọ̀kan ní ìrọ̀rùn. Ẹ wá fi "ẹ́" síbẹ̀. Àmì orí gba ilà kan, àlàfo gba kan, àmì ìsàlẹ̀ gba kan, àlàfo rẹ̀ gba kan. Ilà mẹ́rin ló kù fún lẹ́tà fúnra rẹ̀, tí "e" àti "a" fi bẹ̀rẹ̀ sí í jọra. Ọ̀nà àbáyọ ni kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gba àpótí méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Ojú ẹ̀rọ tó gba àpótí 20 ní ìbú àti 18 ní òòró yóò wá gba ìlà mẹ́sàn-án péré, lẹ́tà ogún lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó kéré fún ìtàn. Fún ìdí ọpọ́n, ó gba "Ọ̀ta ni ẹ́!", ó sì gba "Ọ̀pẹ!" pẹ̀lú, tàmì-tàmì.